Ìfófó afẹ́fẹ́, ẹ̀rún nánò àti kókó ọyàn: ìdáhùn fún arábìnrin kan ní Ẹ̀pẹ́

Ìbéèrè: “Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ẹ̀pẹ́ ni mo ń gbé, ìyá mi sì wà lọ́dọ̀ mi. Oṣù mẹ́rin sẹ́yìn ni wọ́n gé ẹran díẹ̀ lára ọyàn wọn yẹ̀ wò, tí wọ́n sì rí jẹjẹrẹ níbẹ̀, wọ́n sì ti gba abẹ́rẹ́ kẹ́mò lẹ́ẹ̀mejì. Irun wọn ti re tán, oúnjẹ kì í dúró nínú wọn. Kókó náà jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 4.2 nígbà àkọ́kọ́. Sikáànù ọ̀sẹ̀ tó kọjá ní ó ku 3.3, a sì rò pé kẹ́mò náà kò ṣe nǹkan gidi. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wá fi fídíò kan hàn wá pé àwọn òyìnbó ti ń fi ẹ̀rún nánò gbé oògùn lọ sínú jẹjẹrẹ, tí wọ́n á fi ẹ̀rọ sikáànù tú u sílẹ̀ níbẹ̀, tí kò ní kan irun tàbí ikùn. Obìnrin kan ní Ìtóìkín ń ta omi nánò, igò mẹ́ta ní ₦120,000. Ó ní bí Màámi bá mu ún, tí wọ́n sì lọ ṣe sikáànù lẹ́yìn rẹ̀, ohun kan náà ni. Ṣé kí a dá kẹ́mò dúró, kí a ṣe ìyẹn?”

Ẹ má dá kẹ́mò náà dúró. Mo fi èyí ṣáájú nítorí pé ẹ lè má ka ìyókù tán kí ọjọ́ abẹ́rẹ́ kẹta tó pé, mo sì mọ bó ṣe máa ń rí nínú ẹbí nígbà tí oníkálukú bá ń mú ìmọ̀ràn tirẹ̀ wá sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì aláìsàn. Iṣẹ́ sikáànù ni mo ti ń ṣe láti ọdún 23 sẹ́yìn, púpọ̀ nínú rẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́ níbí, ọyàn àti ẹ̀dọ̀ ni mo sì ń yẹ̀ wò jù. Bí mo ṣe gbọ́ ọ̀rọ̀ yín, ohun tó ń dùn yín ni pé ìyà ń jẹ Màmá lórí ìtọ́jú tí ẹ rò pé kò ṣiṣẹ́, nígbà tí ìtọ́jú mìíràn tí kò ní ìyà nínú wà níbì kan. Ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló lọ́ mọ́ra nínú ìbéèrè yìí bí àwọ̀n tí ìgbì gbá jọ. Èkíní ni ìfófó afẹ́fẹ́ tí wọ́n fi ń ran sikáànù lọ́wọ́, èyí tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ tipẹ́. Èkejì ni ẹ̀rún nánò, ìyẹn ẹ̀rún tó kéré ju ohun tí ojú lè rí lọ, tó ń gbé oògùn: apá kan rẹ̀ ti wà lẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n apá tí ìró ń tú sílẹ̀ ṣì wà nínú ìdánwò. Ẹ̀kẹta ni omi inú igò Ìtóìkín, tí kò bá èkíní tan, tí kò sì bá èkejì tan.

Kí a tó tú wọn, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ẹ̀rọ yìí ń ṣe gan-an, nítorí mo ti pàdé ọ̀pọ̀ èèyàn tó rò pé sikáànù fúnra rẹ̀ máa ń “fọ́” kókó. Ìró ni sikáànù fi ń ríran. Inú púróòbù, ìyẹn ọwọ́ ẹ̀rọ tí a ń fi jẹ́ẹ̀lì gbé lé ara, ni àwọn nǹkan bí òkúta pẹlẹbẹ wà tí iná mànàmáná ń mú gbọ̀n, tí gbígbọ̀n wọn sì ń di ìró. Etí èèyàn kì í gbọ́ ìró tó bá gbọ̀n ju ìgbà 20,000 lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Èyí tí a ń lò fún ọyàn sábà máa ń gbọ̀n ju ìgbà mílíọ̀nù 7 lọ. Ó ń sáré nínú ẹran ara ní nǹkan bí mítà 1,540 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ibikíbi tí ohun méjì tí kò jọra bá sì ti pàdé, díẹ̀ nínú rẹ̀ á ta padà bíi gbohùngbohùn. Ẹ̀rọ á ka bó ṣe pẹ́ tó kó tó padà, á sì fi ya àwòrán. Kò ní ìtànṣán bíi ti X-ray. Kò jó nǹkan kan, kò sì pa nǹkan kan.

Ìṣòro ẹ̀rọ wa ni pé ẹ̀jẹ̀ àti ẹran ara jọra jù lójú ìró. Ẹ̀yin ará Ẹ̀pẹ́ ló yẹ kí èyí tètè yé jù lọ. Ẹni tó bá ti la ẹja rí ní Ọjà Olúwo mọ àpò funfun kan tó fara ti egungun ẹ̀yìn ẹja, tí afẹ́fẹ́ kún inú rẹ̀, tí àwa ọmọdé ìgbà náà máa ń jà sí kí a lè fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kó dún pàù. Àpò yẹn ni ẹja fi ń dúró sáàárín omi láìrì láìléfòó. Àwọn ọkọ̀ apẹja ńlá tó ń lọ sójú òkun máa ń lo ẹ̀rọ tó ń ju ìró sísàlẹ̀ láti fi wá ẹja, ohun tó sì ń dá ìró náà padà fún wọn jù lọ ni afẹ́fẹ́ inú àpò yẹn. Ẹran ẹja fúnra rẹ̀ kò yàtọ̀ púpọ̀ sí omi tó yí i ká, ìró kàn ń gba inú rẹ̀ kọjá ni. Nítorí náà, bí a bá fẹ́ kí ẹ̀rọ rí ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn wọ inú kókó, a jẹ́ pé a ní láti wá afẹ́fẹ́ díẹ̀ fi sínú ẹ̀jẹ̀ náà.

Raymond Gramiak àti Pravin Shah ní Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ jábọ̀ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní 1968, nígbà tí wọ́n rí i pé bí àwọn bá fún aláìsàn ní abẹ́rẹ́ kan nítòsí ọkàn, àwòrán á kàn máa tàn yànranyànran. Ìfófó tó bá omi abẹ́rẹ́ wọlé ló fà á. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń wá bí ìfófó náà kò ṣe ní tètè bẹ́. Èyí tí wọ́n ń lò báyìí jẹ́ gáàsì wíwúwo tí kì í tètè yọ́ mọ́ ẹ̀jẹ̀, tí wọ́n fi awọ ọ̀rá tàbí ti purotéènì tín-ín-rín wé. Ìwọ̀n rẹ̀ kò ju ti sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ lọ, kí ó má baà há sínú òpó ẹ̀jẹ̀ kankan. Ilẹ̀ Yúróòpù gba èyí tó ń jẹ́ SonoVue wọlé ní 2001. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i fún kókó inú ẹ̀dọ̀ ní 2016.

N kò tíì fi ọwọ́ ara mi lò ó fún aláìsàn kankan ní Ẹ̀pẹ́. Ìgbà tí mo lọ kọ́ṣẹ́ síwájú sí i ní òkè òkun ni mo rí i. Ìyẹ̀fun funfun díẹ̀ ló wà nísàlẹ̀ ìgò kékeré kan. Nọ́ọ̀sì fa omi iyọ̀ mílílítà 5 sí i, ó mì ín tagbáratagbára fún ogún ìṣẹ́jú-àáyá, ó sì funfun bíi wàrà tí a fi omi là. Mílílítà 2.4 péré ló gba òpó ẹ̀jẹ̀ ìgúnpá wọlé. Mo ń kà á lọ́kàn. Mi ò tíì ka ogún tí ẹ̀dọ̀ tó ṣókùnkùn lójú ẹ̀rọ fi bẹ̀rẹ̀ sí í tàn ní ẹyọ ẹyọ, bí àtùpà àwọn apẹja lójú ọ̀sà ní òru. Kókó tó wà níbẹ̀ tètè tàn ju ìyókù ẹ̀dọ̀ lọ, ó sì tètè kú ju ìyókù lọ, ohun tí kókó jẹjẹrẹ sábà máa ń ṣe nínú ẹ̀dọ̀ nìyẹn. Kò pẹ́ púpọ̀ tí gáàsì náà fi bá èémí aláìsàn jáde. Kì í dà á láàmú ní kíndìnrín bí omi tí wọ́n ń fún èèyàn fún CT, ẹ̀rọ tó ń fi X-ray ya inú ara, ṣe lè ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan wà tí ara èèyàn á kọ̀ ọ́ gidi, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣọ́ aláìsàn fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, tí oògùn pàjáwìrì sì gbọ́dọ̀ wà nítòsí.

Mo lè sọ ìdí tí ìfófó yìí fi wù mí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìtìjú ni. Ní ọdún kejì tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, obìnrin kan wá sọ́dọ̀ mi pẹ̀lú kókó ọyàn. Ó dúdú minimini lójú ẹ̀rọ, etí rẹ̀ sì dán, mo wá kọ ọ́ pé àpò omi lásán ni. Mo ti yí bọ́tìnnì ìmọ́lẹ̀ ẹ̀rọ náà sílẹ̀ jù, n kò sì fura. Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà ló padà wá, kókó náà ti di ìlọ́po méjì, jẹjẹrẹ sì ni. Ká ní mo ní ìfófó lọ́wọ́ ni, ì bá ti tú mi fó, nítorí àpò omi kò ní òpó ẹ̀jẹ̀ nínú, ìfófó kò lè dé ibẹ̀. Ẹran jẹjẹrẹ ní òpó ẹ̀jẹ̀ nínú. Síbẹ̀, ìfófó náà kò lè sọ orúkọ jẹjẹrẹ náà, kò sì lè sọ irú oògùn tí yóò gbọ́. Abẹ́rẹ́ tó ń gé ẹran díẹ̀ lọ sí yàrá àyẹ̀wò nìkan ló ń sọ ìyẹn, mo sì rí i nínú lẹ́tà yín pé wọ́n ti ṣe é fún Màmá.

Nísinsìnyí, nánò. Ìfófó tí mo ń ròyìn rẹ̀ yìí kì í ṣe nánò rárá, fídíò ẹ̀gbọ́n yín ló pa wọ́n pọ̀. Bí ẹ bá pín mílímítà kan sí ọ̀nà 1,000, ẹ óò rí míkrómítà. Bí ẹ bá tún pín ìyẹn sí ọ̀nà 1,000, nánòmítà nìyẹn. Fọ́nrán irun kan nípọn tó nǹkan bí nánòmítà 80,000, ìfófó sikáànù máa ń wà ní nǹkan bí 2,000, ẹ̀rún nánò sì sábà máa ń wà ní nǹkan bí 100. Ìyàtọ̀ yẹn ló gbé gbogbo ọ̀rọ̀ dání. Ìfófó tóbi jù láti jáde kúrò nínú òpó ẹ̀jẹ̀, kò lè wọ inú ẹran kókó náà gan-an. Ṣùgbọ́n òpó ẹ̀jẹ̀ inú jẹjẹrẹ máa ń jẹ́ iṣẹ́ ìkánjú, ògiri rẹ̀ kún fún ihò, ẹ̀rún nánò sì lè gba ibẹ̀ yọ́ wọlé. Yasuhiro Matsumura àti Hiroshi Maeda ní Japan ló kọ́kọ́ la èyí sílẹ̀ ní 1986, ìrètí tó sì tẹ̀ lé e pọ̀. Ohun tó ń dènà rẹ̀ ní tiwa ni pé ohun tó bá ti kéré bẹ́ẹ̀ kì í dá ìró padà. Bí ẹ bá gé ìbú ohun kékeré kan sí ìdajì, ìró tó ń dá padà á di ìdá kan nínú 64. Bí ẹ bá gé e sí ìdá mẹ́wàá, á di ìdá kan nínú mílíọ̀nù kan. Ẹ̀rún tó lè wọ inú kókó ni ẹ̀rọ kò lè rí, ìfófó tí ẹ̀rọ lè rí ni kò lè wọlé.

Ọgbọ́n tí àwọn onímọ̀ dá sí i wù mí gan-an. Wọ́n ń fi awọ ọ̀rá di omi kan ní ẹ̀kán tín-ín-tìn-ìn-tín, nánòmítà 200 tàbí 300, kó lè yọ́ wọ inú kókó bí omi. Bó bá débẹ̀ tán, wọ́n á fi ìró lù ú, á sì hó di ìfófó tó tóbi tó fún ẹ̀rọ láti rí. Omi kan tí wọ́n ń lò, perfluoropentane, máa ń hó ní ìwọ̀n ooru 29, ara èèyàn sì jẹ́ 37, ṣùgbọ́n fífún tí awọ náà fún un mọ́ra ni kì í jẹ́ kó hó títí ìró yóò fi kàn án. Inú yàrá ìwádìí àti ara ẹranko ni púpọ̀ nínú iṣẹ́ yìí ṣì wà. Kò sí ohun tí ẹ lè tọ́ka sí níbẹ̀ fún Màmá lónìí.

Ti gbígbé oògùn ńkọ́? Ẹ̀rún nánò tó ń gbé oògùn kì í ṣe àlá. Doxil, ìyẹn oògùn kẹ́mò doxorubicin tí wọ́n fi ọ̀rá wé, gba ìwé àṣẹ ní Amẹ́ríkà ní 1995, ó sì dín ìpalára tí doxorubicin ń ṣe fún ọkàn kù. Bí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí yín bá gba abẹ́rẹ́ Moderna nígbà kòrónà, ẹ̀rún nánò ọ̀rá ló gbà sí apá yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí: ní 2016, àwọn onímọ̀ kan ní Toronto kó ìwádìí ọdún mẹ́wàá jọ, èyí tí wọ́n fi ẹranko ṣe, wọ́n sì rí i pé nínú ẹ̀rún 1,000 tí wọ́n bá fi abẹ́rẹ́ ṣe, nǹkan bí 7 ló ń dé inú kókó. Ìyókù, ẹ̀dọ̀ àti àwọn ẹ̀yà ara tó ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé e mì. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe ní kí ìró wá ràn án lọ́wọ́.

Ọ̀nà méjì ni ìró ń gbà. Ti àkọ́kọ́ ni ooru. Wọ́n ń kó ìró jọ sójú kan bí ọmọdé ṣe ń fi gíláàsì kó oòrùn jọ sórí ewé gbígbẹ, ojú ibẹ̀ á gbóná tó ìwọ̀n 40 sí 42, ọ̀rá tí wọ́n fi wé oògùn á sì tú níbẹ̀. Ní Oxford, wọ́n dán an wò lára èèyàn 10 tó ní jẹjẹrẹ nínú ẹ̀dọ̀, wọ́n sì jábọ̀ rẹ̀ ní 2018: doxorubicin inú kókó lọ sókè ní ìlọ́po 3.7 lẹ́yìn ìró náà. Ọ̀nà kejì ni ti ìfófó fúnra rẹ̀: bí ìró bá ń lù ú, á máa wú, á máa súnkì, á máa ti ògiri òpó ẹ̀jẹ̀ títí ihò á fi ṣí fún oògùn láti kọjá. Ní Bergen, ní Nọ́wè, wọ́n fi èyí kún oògùn kẹ́mò gemcitabine fún èèyàn 10 tó ní jẹjẹrẹ pancreas, ẹ̀yà ara kan tó wà lẹ́yìn ikùn, wọ́n sì kọ ọ́ ní 2016 pé àwọn wọ̀nyí gbé ayé tó oṣù 17.6, nígbà tí àwọn tó ti gba oògùn náà láìsí ìró tẹ́lẹ̀ gbé ayé tó oṣù 8.9. Àwọn dókítà ní Toronto ti fi irú rẹ̀ ṣí ọ̀nà fún oògùn wọ ọpọlọ láti 2015.

Inú mi dùn nígbà tí mo kà á. Síbẹ̀, ẹ wò ó dáadáa: èèyàn 10 ni ti Oxford, 10 ni ti Bergen, àwọn tí wọ́n sì fi ti Bergen wé kì í ṣe èèyàn tí wọ́n ṣẹ́ kèké yàn lákòókò kan náà, àwọn aláìsàn àtijọ́ ni. Ẹni tí ara rẹ̀ le díẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń mú wọ ìdánwò, ó sì lè jẹ́ pé ìyẹn náà fi oṣù díẹ̀ kún un. Oògùn olóoru tí Oxford lò, wọ́n ti fi ooru abẹ́rẹ́ oníná dán an wò tẹ́lẹ̀ lára èèyàn 701 tó ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀; ní 2013 ni èsì jáde, kò sì sàn ju ooru nìkan lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n retí pé yóò sàn jù. Ohun tó sì ṣe pàtàkì jù fún yín nìyí: kẹ́mò ni oògùn tí wọ́n lò nínú gbogbo àwọn ìdánwò wọ̀nyí. Doxorubicin náà ni, gemcitabine náà ni. Apá kan rẹ̀ ṣì ń tú sínú ẹ̀jẹ̀, irun ṣì lè re, sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ ṣì ń dínkù. Ẹni tó sọ fún yín pé ó rọ́pò kẹ́mò kò ka ìwé náà dé ìdajì.

Omi Ìtóìkín kò ní gbà wá lákòókò púpọ̀. Gbogbo ohun tí mo ti sọ nípa jẹjẹrẹ, abẹ́rẹ́ ló ń gbé e wọ òpó ẹ̀jẹ̀. Ìfófó tí èèyàn bá gbé mì, gùfẹ̀ ni yóò bá jáde, ẹ̀rún ọ̀rá tó bá sì wọ inú ikùn, oúnjẹ ni ikùn yóò kà á sí. Ẹ̀rọ tí a fi ń ya àwòrán ọyàn ní Ẹ̀pẹ́ kì í ṣe irú èyí tó ń kó ìró jọ títí yóò fi gbóná. Ìró rẹ̀ kò lágbára, kò sì lè tú ohunkóhun sílẹ̀. Ìdánwò tòótọ́ ní ìwé tí aláìsàn ń ka kó tó fọwọ́ sí i, ó ní ìgbìmọ̀ tó ń ṣọ́ ọ, kì í sì í gba ₦120,000 fún igò mẹ́ta. Bí nọ́ńbà NAFDAC bá tilẹ̀ wà lára igò náà, ẹ béèrè ohun tí wọ́n fi nọ́ńbà náà fọwọ́ sí: omi mímu kì í ṣe oògùn jẹjẹrẹ.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí kókó náà, nítorí ibẹ̀ ni ẹ ti ṣi ìṣirò ṣe. Ẹ rí 4.2 àti 3.3, ẹ sì rò pé ìyàtọ̀ náà kò tó nǹkan. Ìbú nìkan ni nọ́ńbà yẹn. Kókó ní ìbú, ó ní gígùn, ó ní jíjìn, bí ọsàn. Bó bá sì ṣe dínkù ní ìbú ló ṣe dínkù ní ọ̀nà méjèèjì tó kù, ohun tó ṣẹ́ kù nínú rẹ̀ kò pé ìdajì ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn abẹ́rẹ́ méjì péré! Mo ti rí àwọn tó gba mẹ́rin tí kókó wọn kò mira. Mo gbọ́dọ̀ sọ pé ọwọ́ tó di púróòbù lè fi mílímítà méjì tàbí mẹ́ta ṣìnà, pàápàá bí kì í bá ṣe ẹnì kan náà ló wọ̀n ọ́n, ṣùgbọ́n mílímítà mẹ́sàn-án kọjá àṣìṣe ọwọ́. Ká tilẹ̀ ní kò dínkù rárá ni, kí dókítà jẹjẹrẹ yí oògùn padà ni ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀.

Èébì yẹn ni kí ẹ dojú ìjà kọ. Ẹ sọ fún dókítà iye ìgbà tó ń bì lóòjọ́ àti ọjọ́ tó ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn abẹ́rẹ́. Oògùn tó ń dá èébì kẹ́mò dúró wà, ó sì ju oríṣi kan lọ, ọ̀pọ̀ aláìsàn ń jìyà nítorí pé wọ́n rò pé ó yẹ kí àwọn fara dà á ni. Bí Màmá bá ń gba abẹ́rẹ́ pupa, ìyẹn doxorubicin, ẹ béèrè bóyá wọ́n ti ṣe sikáànù ọkàn fún wọn. Ẹ béèrè èsì àyẹ̀wò ER, PR àti HER2, àwọn àmì tó ń fi irú jẹjẹrẹ ọyàn hàn, lára ẹran tí wọ́n gé, nítorí òun ló ń sọ bóyá oògùn mìíràn wà tó yẹ kó tẹ̀ lé kẹ́mò. Bí wọ́n bá sọ̀rọ̀ ìtànṣán lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ibùdó NSIA-LUTH tí wọ́n ṣí ní Ìdí-Àràbà ní 2019 ń ṣe é. Bí ẹ bá ṣì fẹ́ mọ̀ nípa ìdánwò, dókítà jẹjẹrẹ ni kí ẹ bi. Yíyan oògùn kì í ṣe iṣẹ́ mi, àwòrán ni mo mọ̀ ọ́n kà.

Lẹ́yìn abẹ́rẹ́ kẹrin, ẹ tún lọ wọn kókó náà. Bó bá ṣeé ṣe, kí ẹni tó ṣe sikáànù àkọ́kọ́ ló ṣe èyí náà, lórí ẹ̀rọ kan náà, kí ẹ sì mú fọ́tò 4.2 àti ti 3.3 dání lọ, kó lè mọ ibi tó ti fi àmì sí tẹ́lẹ̀.